Bí Àdúrà Mi Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ìrìn-àjò Ìbọn Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà lọ́dún yìí. Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín o! Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ dé òpin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé bí ètò kan bá wà láti ṣe, èmi Yétúndé ni wọ́n ń pè. Píkíníìkì àwọn ọmọdé? Èmi ni. Àlejò ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ta ló máa lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú? Èmi náà ni. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Downtown Atlanta, Stockbridge ni mo ń gbé, mo bí ọmọ mẹ́ta, mi ò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Mi ò gbéraga o, òótọ́ ni mò ń sọ.

Ó dáa. Àwa mẹ́ta la máa ń lọ yìnbọn sí pépà níbi ìdánrawò kan ní Stockbridge láàárọ̀ Sátidé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Olè kan ló fọ́ gíláàsì mọ́tò Aunty Rónkẹ́ níwájú ilé ìtajà kan, ẹ̀rù ba Aunty, wọ́n lọ ra ìbọn, wọ́n sì ní kí èmi àti Fúnkẹ́ bá àwọn lọ kọ́ bí a ṣe ń yìn ín. Aunty Rónkẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, apoògùn ni wọ́n, bí wọ́n bá sì ti sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì á ní "Yes, mà." Fúnkẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Duluth ló ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọmọ náà. Ọ́fíìsì kan níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣètò bí àwọn tírélà wọn ṣe ń kó ẹrù kiri Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rù ló gbé wa débẹ̀, àmọ́ ìgbádùn ló dá wa dúró. Ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, kó wá dùbúlẹ̀, kó di ojú kan, kó fa ìbọn, kí ihò sì yọ láàárín pépà lọ́hùn-ún... áà! Ara á fúyẹ́ gẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ló dá ọ̀rọ̀ prairie dog sílẹ̀. Kì í ṣe ajá o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Ẹran kékeré kan ni, ẹni tó bá mọ òkété nílé á ní ẹbí rẹ̀ ni, àfi pé ìrù tirẹ̀ kúrú, ó sì máa ń nàró lẹ́nu ihò bí ẹni tó ń retí àlejò. Wọ́n pọ̀ lọ súà nínú pápá àwọn olóko màlúù ní South Dakota. Wọ́n ń jẹ koríko màlúù, wọ́n sì ń gbẹ́ ihò káàkiri ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olóko fi máa ń gba àwọn èèyàn láyè láti wá yìnbọn sí wọn. Ọ̀gá ní ara wọn kéré, ibi tí wọ́n wà máa ń jìnnà, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ní ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá lè ba prairie dog, onítọ̀hún ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́.

Àwa mẹ́ta wojú ara wa. Ọ̀gá ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí a ti gbà láti lọ. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní ó pé dáadáa.

Ta ló máa ṣètò rẹ̀? Ṣé ó tún yẹ kí ẹ béèrè ni?

Aunty Rónkẹ́ ti ní tiwọn lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ ká wọ bàálù. Wọ́n fẹ́ ká sùn sí ibi tí àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń ṣọdẹ ń sùn, níbi tí wọ́n á ti máa se oúnjẹ fúnni, tí ẹnì kan á sì máa mú wa kiri nínú pápá. Wọ́n tún ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìbọn méjì dání. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, torí ta ni kò fẹ́ ìgbádùn?

Lẹ́yìn náà ni èmi àti Fúnkẹ́ jọ lọ ra iṣu àti èlùbọ́ ní Pleasant Hill Road lọ́sàn-án ọjọ́ kan. A ti kó ẹrù sínú bọ́ọ̀tù tán. Kò jẹ́ kí n ṣáná sí mọ́tò. Ó ní wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́, ó ti lé ní oṣù méjì. Láràárọ̀ á wọ aṣọ iṣẹ́, á gbé mọ́tò jáde, á lọ jókòó sí láíbìrì títí di ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ rẹ̀ má bàa fura. Ó ní òun fẹ́ fúnra òun sọ ọ́ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tí òun bá ti mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ní tí ìrìn-àjò náà bá máa wọ́n, òun á wá àwáwí kan, kí àwa yòókù máa lọ.

Mo ní, "Fúnkẹ́, o máa lọ. Leave it to me."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé ètò náà kù nìyẹn. Mo yọ bàálù kúrò, mo ní mọ́tò la máa gbé. Mo yọ ibùsùn àwọn ọlọ́rọ̀ kúrò, mo ní mótẹ́ẹ̀lì lásán tó wa. Aunty Rónkẹ́ pè mí lórí fóònù. "Yétúndé, what is this? Ní ọjọ́ orí mi, ẹ fẹ́ kí n jókòó sínú car for more than twenty hours? Ṣé hospital yín ò sanwó fún yín ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún àgbàlagbà pé rárá? Èèyàn á ní "Ẹ ṣé mà, a máa wò ó," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo ní mo kàn fẹ́ràn kí n máa wo ọ̀nà ni. Aunty ní ahun ni mí. Wọ́n sọ ọ́ lójú mi, wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn mi, wọ́n tún sọ ọ́ fún ọkọ mi lẹ́yìn ìsìn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Inú mi tiẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀ pé mo ń bo ọ̀rẹ́ mi láṣìírí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá nínú àṣírí bíbò ṣe.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúrà kan tí a máa ń gbà lórí fóònù ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, kí oníkálukú tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ ti wà lọ́kàn mi fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń dùn mí gan-an. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ohun tó fẹ́ kí a bá òun gbàdúrà lé lórí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí sister wa kan. Mi ò ní dárúkọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Duluth, òun nìkan ló sì ń dá tọ́ ọmọ ẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn tuntun fún un."

Gbogbo wọn ṣe àmín, àmín ńlá! Mo fi fóònù sílẹ̀, mo po ògì mi, ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ gidi ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Obìnrin mélòó ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Duluth, tó sì ń dá tọ́ ọmọ? Ẹyọ kan! Àmọ́ mi ò dárúkọ o!

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, Aunty Rónkẹ́ ti pe Fúnkẹ́. Wọ́n ní kó má ṣe ìyọnu kankan, àwọn á gbé gbogbo ìnáwó ìrìn-àjò náà fún un, bàálù, yàrá, ọta ìbọn, gbogbo ẹ̀. Arábìnrin kan fi nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ń gba olùtọ́jú arúgbó ránṣẹ́ sí i. Òmíràn gbé àpò ìrẹsì kan lọ sílé rẹ̀. Fúnkẹ́ kò sí nílé, láíbìrì ló wà. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Arábìnrin náà gbá ọmọ mọ́ra, ó ní Ọlọ́run á fún ìyá rẹ̀ níṣẹ́ míràn.

Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ nìyẹn o. Lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́nu ẹni tó gbé ìrẹsì wá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Fúnkẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi kò gùn. Ó ní òun ò lọ mọ́, kí n má sì pe òun. Mo pè é. Mo tún pè é. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún. Ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń ṣọ̀rẹ́, láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé yàrá kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta. Prairie dog kọ́ ló ń dùn mí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ pàdánù.

Ní tiwa, téèyàn bá ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ló máa ń mú dání. Àgbà wo ni mo ní? Aunty Rónkẹ́, tí àwọn náà jẹ̀bi tiwọn! Àmọ́ wọ́n tẹ̀ lé mi. Ní Sátidé, dípò ká lọ yìnbọn, a gba ọ̀nà Duluth lọ.

Fúnkẹ́ ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó kúnlẹ̀ kí Aunty, ó gbé omi wá, ó jókòó. Mo kúnlẹ̀. Aunty bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní gbogbo wa ló fẹ́ràn rẹ̀, pé ìfẹ́ ló fà á. Fúnkẹ́ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá kọjú sí mi. "Yétúndé, mi ò bínú pé o gbàdúrà fún mi. I need prayer, a beg. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ for two months. You took it from my mouth."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mi ò dárúkọ?

Ó yíjú sí Aunty, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Aunty mi, ẹ má bínú mà. Ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ ò bi mí léèrè kí ẹ tó sọ pé ẹ máa sanwó fún mi. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò di ọmọdé."

Aunty Rónkẹ́ sọ fún Fúnkẹ́ pé àwọn ṣì í ṣe, kó má bínú. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò! Nígbà yẹn ni Fúnkẹ́ tó sunkún, èmi náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wa fọn imú tán, mo bi í ní ohun tí a lè ṣe tó fi máa bá wa lọ. Ó wọ yàrá, ó gbé laptop jáde. Àṣé ó ti ń wo ètò mi láti ọjọ́ yìí wá, inú ń bí i sí i! Ó ní tí òun bá máa lọ, òun ló máa ṣètò rẹ̀, ohun tí òun bá sì sọ la máa ṣe. Ẹnikẹ́ni ò ní sanwó ẹnikẹ́ni. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti gbé ẹrù láti ibì kan dé ibì kan láìnáwó dànù, wọ́n dá òun dúró ni, wọn ò gba ọpọlọ òun.

Èmi, Yétúndé ẹlẹ́tò! Mo gbé e mì. Kò rọrùn láti gbé mì o.

Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Èmi ti ń wá olóko lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo àwọn tí mo rí ló ń gba owó kí èèyàn tó lè wọ pápá wọn. Fúnkẹ́ pe ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba níbẹ̀, ó béèrè ẹni tí prairie dog ń dà láàmú jù. Wọ́n fún un ní orúkọ mẹ́ta. Bàbá kan tó ń jẹ́ Walt ní kí a máa bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí a bá ti lè máa ti géètì padà kí màlúù má jáde.

Ó mú ìbọn méjì péré fún ẹni mẹ́ta. Aunty fẹ́ bínú, ó ṣàlàyé fún wọn: ìbọn tí wọ́n bá ń yìn léraléra máa ń gbóná, ó gbọ́dọ̀ sinmi. Nítorí náà, ẹnì kan á máa yìn, ẹnì kejì á fi awò awọ̀nàjíjìn wo ibi tí ọta balẹ̀ sí, á máa sọ fún un, ẹnì kẹta á jókòó mu omi. Oníkálukú ra láísẹ́ǹsì tirẹ̀. A gbé mọ́tò ńlá Aunty, a sì ń pààrọ̀ ìwakọ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. A ti ìbọn mọ́ inú àpótí láìsí ọta nínú wọn, ọta wà lọ́tọ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹja díndín àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà, wọ́n dì gbagidi. Ọjọ́ iṣẹ́ ló ní ká lọ, torí mótẹ́ẹ̀lì máa ń dín owó. Nígbà tó ṣe tán, owó tí a máa ná fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ètò tí mo ń fi yangàn.

A lọ ní oṣù karùn-ún. A délé Bàbá Walt, Aunty Rónkẹ́ gbé kúlà òfìfo kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí àwọn ti lè rí yìnyín. Bàbá ní kí ni yìnyín wà fún? Aunty ní fún ẹran! Àṣé Aunty ti ṣèlérí ẹran ìgbẹ́ yíyan fún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì! Bàbá Walt di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kì í jẹ ẹ́, eégbọn ara rẹ̀ lè kó àrùn burúkú ranni, ká má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún Aunty?

Atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́ bí ẹni tó ń lé nǹkan. Èmi tí mo ń lu àárín pépà ní Stockbridge, mo yìn títí, erùpẹ̀ nìkan ló ń fò sókè. Prairie dog á wọlé, á tún yọ orí, á máa gbó mọ́ mi! Fúnkẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú awò lójú. Ó ní, "Ó bọ́ sápá ọ̀tún. Ó tún bọ́ sápá ọ̀tún. Yétúndé, wait for the wind now! Ta ló ń lé ẹ?" Nígbà tí mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Aunty Rónkẹ́ ní tiwọn ò tàsé púpọ̀, wọ́n sì rí i dájú pé a mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù Fúnkẹ́ dún. Ó rìn lọ sórí òkè kékeré kan, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá, ó sì ní kí n gbé ìbọn fún òun. Mo fẹ́ béèrè. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ béèrè gan-an! Àmọ́ mo gbé awò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ọta balẹ̀ sí fún un.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ti dé Missouri lọ́sàn-án, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Aunty ti sùn lọ lẹ́yìn. Fúnkẹ́ ń wo ọ̀nà, kò wo ojú mi. Ó ní ibi iṣẹ́ kan ló pe òun lọ́jọ́ yẹn. Òun ti ṣe interview wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dá òun lójú. Wọ́n ní ẹlòmíràn ni àwọn mú.

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ti là. "A máa gbàdúrà sí i" ti wà lórí ahọ́n mi. Ó ku díẹ̀ kí n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò, ta ni mo mọ̀ ní ọ́fíìsì wo, ta ni kí n pè. Mo pa ẹnu dé. Mo na ọwọ́ mi kan, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń wa mọ́tò lọ. Ó pẹ́ kó tó gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í di tèmi nítorí pé mo fi àdúrà wé e. Ẹni tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́, kí n kọ́kọ́ bi í léèrè. Mo ṣì mọ ètò ṣe o, ẹ má pa orúkọ mi rẹ́! Bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ ẹnu ni mo ń kọ́ báyìí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kókó àdúrà láìbi í rí? Tàbí ẹ̀yin lẹ ṣe é fún ẹlòmíràn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sọ ìlú tó ń gbé!

Fúnkẹ́ ti ka gbogbo èyí kí n tó gbé e síta. Ó ní kí n yọ ibi méjì kúrò, mo sì ti yọ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rí iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é, kí ẹ bi òun fúnra rẹ̀.